Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Lọ sí Surulere

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ 26, Oṣù Kọkànlá, 1984.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sẹ̀ náà gan-an tí Zamalek ti Íjíbítì na Súùtìn (Shooting Stars), ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Ìbàdàn, ní 2-0 ní Káírò, nínú abala kìíní àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà, nítorí náà ẹ má bínú bí ìkíni mi bá kúrú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ owó. N kò gbàgbé ₦400 tí ẹ yá mi fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lè dé ibí, n kò sì ní sọ pé ẹlòmíì ni. Ìparí oṣù kìíní ni mo dá, mi ò sì yẹ̀ ẹ́. Òru ni mò ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìfọṣọ kan, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀. Wọ́n ti gé iṣẹ́ àfikún kúrò láti oṣù kẹsàn-án, ohun tó fa ìdádúró nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé ní báńkì báyìí, pọ́n-ùn kan àti náírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá ń ronú pé à ń kó owó jọ níbí ni kò tíì dé ibí. Owó yín ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ₦400 ló bí yín nínú, Bọ̀dá. £20 ni. Nínú £60 tí mo fi rán yín ní oṣù kẹwàá, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé £40 ni ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, £20 ni kí ẹ fi gbé Bàbá lọ wo ìdíje àṣekágbá bí Súùtìn bá dé ibẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀. Ẹ wá dá mi lóhùn pé sìmẹ́ǹtì lẹ fi gbogbo rẹ̀ rà, pé ẹni tó jẹ gbèsè kò gbọ́dọ̀ máa náwó bọ́ọ̀lù, pé Bàbá ti dàgbà, pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, kí ni wọ́n fẹ́ lọ wò?

Ṣé ẹ bi Bàbá fúnra wọn? Ìbéèrè mi nìyẹn. Gbogbo ojú ìwé mẹ́ta tí ẹ kọ, n kò rí ibì kan tí ẹ ti sọ pé Bàbá ní àwọn kò lọ.

Kàdúná lẹ wà ní 1976, nítorí náà n kò dá yín lẹ́bi pé ẹ kò mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi àti Bàbá la jọ fẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ dé pápá Liberty lọ́jọ́ náà. Zamalek yìí náà ni. Ife mìíràn là ń du nígbà náà, ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n ti nà wá ní 2-0 ní Káírò, bí wọ́n ṣe nà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí gẹ́lẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ní ó ti tán. Bàbá pa ṣọ́ọ̀bù dé ní ọ̀sán, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe télọ̀ tó máa ń pa ṣọ́ọ̀bù dé lásán ni wọ́n. A san góòlù méjèèjì padà. Mo rò pé orí mi fẹ́ fò lọ. Nígbà tó kan pẹnáritì, Bàbá kọ ẹ̀yìn sí pápá. Wọ́n di ojú pa, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Máa sọ fún mi.” Mo ń sọ ọ́ bó ṣe ń lọ: ó ti wọlé, Bàbá. Tiwọn náà wọlé. Tiwa tún wọlé. Tiwọn ò wọlé o, Bàbá! Wọ́n fún ọwọ́ mi títí ìka mi fi kú tiiri. Bàbá ò rí ẹyọ kan nínú àwọn pẹnáritì tó gbé wa dé àṣekágbá, síbẹ̀ títí di òní, kò sí ẹni tó lè ròyìn ọjọ́ náà bíi tiwọn ní gbogbo àdúgbò. Lẹ́yìn náà la na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 nílé, wọ́n na àwa náà ní 1-0 lọ́hùn-ún, ife sì dé Ìbàdàn, ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan máa gbà.

Nítorí náà, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ojú fún mi.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Íjíbítì yìí lágbára jù wá lọ. N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni, pàápàá Bàbá. Mo gbé rédíò sétí gbọ́ ìròyìn náà ní BBC, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn wọ́n. Ìṣirò rẹ̀ kò sì rọrùn: bí a bá jẹ góòlù méjì tí wọn ò sì jẹ ìkankan, pẹnáritì ló kàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ ẹyọ kan péré ní pápá Surulere ní Èkó, níbi tí a ó ti gbá abala kejì, mẹ́rin ni a ní láti jẹ, nítorí góòlù àlejò wúwo ju ti onílé lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kí àwọn èwe wa máa sáré síwájú kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó dùn mí pé kì í ṣe Liberty ni wọ́n ti fẹ́ gbá a. Liberty tiwa ni.

Síbẹ̀, ṣé Surulere náà kì í ṣe ilé fún Odegbami, agbábọ́ọ̀lù Súùtìn wa? Níbẹ̀ ló ti jẹ góòlù méjì sáwọ̀n Àlùjéríà ní 1980, tí Muda Lawal fi ẹ̀kẹta kún un, tí a gba ife Áfíríkà. Ó ti pé ọmọ ọdún 32 báyìí, ó wà níbẹ̀ ní 1976, ó mọ ohun tí 2-0 láti Káírò túmọ̀ sí. Ní oṣù kẹta ọdún yìí náà ńkọ́? Ọ̀mì 2-2 ni Nàìjíríà àti Íjíbítì gbá, a sì fi pẹnáritì lé wọn lọ ní 8-7. Ẹ ó ní Kamẹrúùnù nà wá lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù kọ́ là ń bọ̀ wá bá.

Rangers ti Enugu dé àṣekágbá ife tí à ń du lọ́dún yìí ní 1975, Hafia ti Gíní gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tó tíì gbà á. Bàbá mọ èyí jù mí lọ. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ wà níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé èmi ni mo kì wọ́n láyà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú lẹ́tà tí wọ́n ní kí Kúnlé bá wọn kọ sí mi láti oṣù keje: “Bí Súùtìn bá tún pàdé Zamalek, màá wà níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ pé èrò máa pọ̀ ní pápá tí ẹ sọ, ó yé mi. Ẹ̀rù ba èmi náà. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń ti ilé bọ̀ ló ń sọ pé láti ìgbà tí ìjọba ti gbé WAI dé, ìyẹn ogun tí wọ́n ń bá ìwà àìlétò jà, àwọn ènìyàn ti ń tò sórí ìlà. Ẹ tètè kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó níbi tí òrùlé wà. Ẹ bá wọn mú omi lọ, kí ẹ sì mú oògùn ìfúnpá wọn dání. Bí ilẹ̀ bá ṣú jù, kí ẹ sùn ní ilé Àǹtí ní Mushin, mo ti kọ̀wé sí wọn.

Mo fi £20 mìíràn sínú lẹ́tà yìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wálé lọ́jọ́bọ̀, òun ni mo fi rán, kó má bàa pẹ́ ní pósítì. Owó oúnjẹ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ni, n kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi, mo sọ ọ́ kí ẹ má bàa fi ra sìmẹ́ǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá. Ògiri ti dúró báyìí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó bá wọn lọ, kì í ṣe Kúnlé. Ọmọdé ni Kúnlé, bí góòlù bá wọlé ó máa fò sókè, ó sì máa já ọwọ́ wọn sílẹ̀. Ẹ di ọwọ́ wọn mú. Ẹ máa sọ fún wọn ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, apá ibi tó kọjú sí, ẹni tó ṣubú, ohun tí rẹfirí wí. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí pápá, ẹ má yí wọn padà.

Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kejì, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Ṣọlá

Mo gbàgbé: ₦400 yẹn, ìparí oṣù kìíní ni. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi.