Àwọn Ogójì Tí Mo Dìbò Fún

Houston, Texas
Ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àgùnbánirọ̀ wa ńkọ́? Ara àwa le níbí. Wọ́n ní òtútù Houston kì í ṣe òtútù, ṣùgbọ́n egungun mi ò tíì gbọ́.

Ìbéèrè tó o bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní, "Àṣàkẹ́, báwo lèèyàn ṣe máa ní ìbò jù, tí wọ́n á tún ní ó fìdí rẹmi? Ṣé wọ́n ń ṣe màgòmágó lọ́hùn-ún náà ni?" Kì í ṣe màgòmágó o, òfin ni.

Oṣù Kẹwàá ni mo lọ dìbò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ọmọ ìlú. Ilé ìkàwé kan ládùúgbò ni. Mo dúró síwájú ẹ̀rọ, mo ń fìka tẹ orúkọ: ààrẹ, sẹ́nétọ̀, adájọ́ lóríṣiríṣi, adájọ́ ò tán bọ̀rọ̀. Ìwé jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, mo kà á, mo tì í sẹ́nu ẹ̀rọ kejì, ìyẹn gbé e mì. Mo rò pé mo ti yan ààrẹ Amẹ́ríkà. Rárá. Ogójì èèyàn ni mo dìbò fún, mi ò sì rí orúkọ ẹyọ kan nínú wọn lórí ìwé yẹn. Àná ni àwọn ogójì tó wọlé pàdé ní Austin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, tí wọ́n di ìbò tó jẹ́ ìbò gan-an. Gbogbo ogójì fún Trump.

Jẹ́ ká pè wọ́n ní afọbajẹ. Iye aṣòfin tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ní Washington ni iye afọbajẹ rẹ̀. Washington fúnra rẹ̀, olú-ìlú orílẹ̀-èdè, ní mẹ́ta. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 538, ẹni tó bá kó 270 ló jẹ. Ìbò kan péré lo fi ṣíwájú ní Texas? O kó ogójì pátá. Ìpínlẹ̀ Maine àti Nebraska nìkan ló máa ń pín tiwọn. Ìwọ olùkọ́ ìṣirò, gbé bírò: Wyoming, tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 600,000 nínú ìkànìyàn 2020, ní mẹ́ta. Àwa tá a lé ní mílíọ̀nù 29 ní ogójì. Afọbajẹ kan fún bíi 192,000 lọ́hùn-ún, ọ̀kan fún bíi 729,000 lọ́dọ̀ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ló dùn mí jù. Lọ́dún 1787, ní Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìwé òfin, àwọn kan ní kí ará ìlú yan ààrẹ, àwọn kan ní kí àwọn aṣòfin yàn án. Madison, ará Virginia ní Gúúsù, tó di ààrẹ lẹ́yìn náà, ní ìdìbò ará ìlú ló dáa jù lójú tòun, ṣùgbọ́n ẹrú tó kún Gúúsù kò lè dìbò, Gúúsù á sì pàdánù. Wọ́n sì ti fẹnu kò pé bí wọ́n bá ń pín ìjókòó aṣòfin, kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún bí èèyàn mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe wá fi iye aṣòfin pín afọbajẹ, ẹrú tí kò lóhùn di ohun tó ń mú òṣùwọ̀n olówó rẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Nínú ààrẹ márùn-ún àkọ́kọ́, mẹ́rin wá láti Virginia. Mo kà á, mo pa ìwé dé, mo lọ fọ abọ́.

Nípa ìbéèrè rẹ: ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ní 1824, 1876, 1888, 2000 àti 2016. Ní 2000, Gore fi ìbò tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ju Bush lọ káàkiri, ṣùgbọ́n ìbò 537 ní Florida ló gbé Bush wọlé. Ní 2016, Hillary Clinton ju Trump lọ ní bíi mílíọ̀nù 2.9, ilé ló padà sí. Lọ́dún 2016 yìí náà, méjì nínú afọbajẹ Texas kọ̀, wọn ò dìbò fún Trump tí wọ́n rán wọn láti dìbò fún. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà sọ pé ìpínlẹ̀ lè fipá mú wọn tẹ̀ lé ohun tí ará ìlú dì. Afọbajẹ tí kò gbọdọ̀ ronú! Kí ló wá jókòó ń ṣe?

Wo bí àwa náà ṣe ṣe é ní 1979. A gba ètò ààrẹ lọ́wọ́ wọn, a ò gba afọbajẹ, dípò rẹ̀, a ní kí ẹni tó máa wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 wá di ìjà. Bàbá rẹ ìbá ti bá mi parí ìtàn yìí, wọn ò gbàgbé Awólọ́wọ̀ àti Ṣàgàrí dọjọ́ ikú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n á ṣí àwọn ìwé ìbò yẹn níwájú àwọn aṣòfin. Igbákejì ààrẹ ló máa ń darí rẹ̀, nítorí náà Kamala Harris ni yóò jókòó lórí àga, tí yóò kéde 312 fún Trump, 226 fún ara rẹ̀. Gore, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2001. Màá gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí n lè wo ojú rẹ̀.

Bó o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi irú rán an sí mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ò rùn.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́