Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Middlesbrough,
England.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn Ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ní kì í ṣe ti orí fóònù, ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé nìyẹn.

Mo lọ rìn létí òkun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo máa ń sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sórí omi kì í tún wá omi kiri. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bí sí abúlé Staithes, ló fà mí jáde. A fẹsẹ̀ rìn láti Staithes dé Runswick Bay, a tún gba orí iyanrìn lọ sí Kettleness. Cleveland Way ni wọ́n ń pe ojú ọ̀nà náà. Kìlómítà 175 ni gbogbo rẹ̀, 1969 ni wọ́n ṣí i. Bíńtín la rìn níbẹ̀, síbẹ̀ orúnkún mi ṣì ń rojọ́.

Àárín òkè méjì ni Staithes há sí, ìgèrè tí wọ́n fi ń mú alákàn sì kún etí omi rẹ̀. Obìnrin náà ní láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀ fún àwọn ọkọ wọn, wọ́n á dé fìlà aṣọ, wọ́n á sì fi orí ru ẹrù. Òyìnbó fi orí ru ẹrù! Mo ní kó tún un sọ. James Cook tí a kà nípa rẹ̀ nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ ló ti kọ́ ọjà títà ní 1745, kó tó di atukọ̀. Mo ní kó mú mi dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Ó ní òkun ti gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ.

A dé Runswick, ó sì sọ ti ibẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ní 1682, gbogbo abúlé náà yọ̀ lọ sínú òkun, ilé kan ṣoṣo ló kù. Àwọn tó ń ṣe àìsùn òkú ló mọ̀ ọ́n lára pé ilẹ̀ ń rìn, wọ́n sì lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará ilé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bá a lọ. Amọ̀ ló wà lókè níbẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ ló wà nísàlẹ̀. Òjò á mu amọ̀ yó, òkun á máa gé e lẹ́sẹ̀, bó ṣe máa já nìyẹn.

Ó ti wo àkókò tí omi máa fà kí a tó kúrò nílé, torí tí omi bá kún, ẹsẹ̀ òkè ló máa ń dé, kò sì síbi téèyàn máa sá sí. Ihò kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní iwin kan ń gbé. Àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ tí ikọ́ àwúbì ń ṣe lọ síbẹ̀, wọ́n á bẹ iwin kó gba ikọ́ náà lára ọmọ. Àwọn tó ní abọ̀rìṣà ni wá nìyẹn o!

Kettleness náà wó sínú òkun ní oṣù Kejìlá 1829, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń ṣe álọ́ọ̀mù, irú èyí tí Màámi fi ń mú omi tòrò. Ọkọ̀ tó wá kó álọ́ọ̀mù ló gba àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, ni mo ń rò ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó ní 1947 kò mọ̀ pé òkun máa lé wa tó báyìí. Mi ò bá òkun jà. Àwọn ará Runswick rí ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún kọ́lé sí, ògiri sì wà lẹ́sẹ̀ abúlé wọn lónìí, mo fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn tiwa, ẹrẹ̀ àti omi ni. Ògiri tiwa, orí rédíò la ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí a ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Màámi kò gbọ́ tèmi, wọn kò gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ wọ́n máa ń gbọ́ tìrẹ. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kó lọ sí Ìgbókòdá kí òjò tó dé. Wá yàrá méjì tí kò jìnnà sọ́jà, kó má ṣe jẹ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí ẹsẹ̀ wọn. Tí o bá ti gbọ́ iye tí onílé ń gbà, fi ránṣẹ́ sí mi, màá san ti ọdún kan. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ o, kí wọ́n má bàa fi orí kunkun.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.