Sí Àkànní, lórí ìtọ́jú ìyàwó rẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí kí o lè máa padà kà á, torí ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í pẹ́ fò lọ. O ní ọgbẹ́ ti ń jinná, ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ 5, ó sì ń mu ọyàn dáadáa, síbẹ̀ ìyàwó mi ń ta gìrì lóru, kò fẹ́ gba ọ̀nà Asúbíaró, níbi ilé ìwòsàn tó bímọ sí, kọjá mọ́, bó bá sì gbóòórùn sípírítì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. O wá ń bi mí bóyá kò moore Ọlọ́run ni. Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ níbi ìbímọ títí ojú rẹ̀ fi ṣú lè máa dúpẹ́ tọkàntọkàn, kí ẹ̀rù sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ ni kí o máa kà. Ẹkún tó ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ 3 lẹ́yìn ìbímọ sábà máa ń tán kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tí nǹkan kan ò wù ú mọ́, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni kí dókítà yẹ̀ wò. Bó bá sì ju oṣù 1 lọ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì ń padà sí i lójú bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tó ń sá fún ohun gbogbo tó lè rán an létí, ìpayà ló wọ̀ ọ́ lára, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ibi tó dà bí ẹni pé ẹ wà nìyẹn.

Ọ̀tọ̀ ni abísínwín. Òun sábà máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o dá a mọ̀: obìnrin ò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ó lè ní ọmọ kì í ṣe tòun. Ọjọ́ náà gan-an ni ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, kí ẹ má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á nínú ọkọ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ, oorun ló ṣe kókó jù. Ẹni tí kò sùn, ìbẹ̀rù rẹ̀ á máa le sí i ni. Kó fún ọmọ lọ́yàn ní aago 9 alẹ́, kó wọ yàrá kejì lọ, kó sùn di aago 2. Wàrà tó bá ti fún sílẹ̀ ni kí o fi ife kékeré tí ẹ ti sè bu fún ọmọ. Wákàtí 4 ló pọ̀ jù fún wàrà tó wà níta; nínú ooru Òṣogbo tí kò síná yìí, má jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tún yẹ PCV rẹ̀ wò, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń mú kó rẹ ènìyàn, kí gbogbo nǹkan sì sú u. Omi ọsàn ni kó fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Tíì àti mílíìkì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, ẹ má jáyà.

Àlejò ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ọjà Ìgbọ̀nà á kí i kú ewu ọmọ tán, wọn á ní kó ròyìn bó ṣe jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kí o dá wọn lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Kò dára kí a fipá mú ènìyàn sọ ọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, gbọ́ ọ dé òpin, má sọ pé "ṣebí ọmọ wà láàyè". Gbólóhùn yẹn ti pa ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́nu mọ́.

Bí ìpayà bá dé, jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó dárúkọ nǹkan 5 tó ń rí, 4 tó lè fọwọ́ kàn, 3 tó ń gbọ́. Kó fa èémí sínú títí o ó fi ka 4, kó mí síta títí o ó fi ka 6. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6, bó bá fẹ́, ẹ ní kí dókítà ṣí fáìlì, kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ibi tí kò rántí, ìbẹ̀rù ló ń fi ohun tó burú jù dí i. Ẹ béèrè fún ìbéèrè 10 ti Edinburgh, tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ìyá ọlọ́mọ wò. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Bó bá tó 13, ó yẹ kó rí oníṣègùn ọpọlọ. Ìkẹwàá dá lórí bóyá ó ń ronú láti ṣe ara rẹ̀ níṣẹ́. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ sí "rárá", ẹ má padà sílé láìrí dókítà.

Ilé ìwòsàn UNIOSUN, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní LAUTECH, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ jù fún ìpayà ni kí onímọ̀ mú un padà wo ìrántí náà díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń tó ìgbà 8 sí 12. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wà níbẹ̀, wọ́n lè fún un ní sertraline, tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn lè lò. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì bí ara bá yá. Oògùn oorun kẹ́míìsì ni kí o má rà: ó lè mú kí ọmọ máa tòògbé débi pé kò ní mu ọyàn.

Ìwọ náà rí ẹ̀jẹ̀ yẹn. Bí o bá ń lá a lálàá, sọ fún dókítà kan náà.

Tí wọ́n bá sì ti ń bi yín nípa èyí tó tẹ̀ lé e, ó kéré tán, kí ọmọ yìí pé oṣù 24 kí oyún mìíràn tó dé. Ẹ béèrè fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ 6 yẹn.

Èmi ìyá rẹ