Kíndìnrín àgùntàn ní Leeds

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lórí fóònù, ẹ máa ń já ọ̀rọ̀ mi gbà ni, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́hìndé, tí o bá ń kà á sí wọn létí, má fo ìlà kankan o.

Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí a ṣe lórí ẹ̀yà ara. Wọ́n ya ènìyàn sínú ìwé, wọ́n ní ká kọ orúkọ sí i. Mo mọ̀ pé apá ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, mo bá kọ ọ́ sí ọ̀tún tèmi. Àṣé ọ̀tún ẹni inú àwòrán ni wọ́n ń wí! Ọmọ ẹlẹ́ran, ẹ̀dọ̀ ló wá já a kulẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ àti kíndìnrín àgùntàn síwájú wa, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kan tí ò lè gé pọ̀nmọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ń di imú. Èmi ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. Olùkọ́ wa bi mí níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Mo ní ìsọ̀ ẹran wa ní Bódìjà.

Ẹ mọ̀ pé kíndìnrín màlúù máa ń rí kúlúkúlú. Ti àgùntàn dán ni, ó tẹ̀ bí èso ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Asẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí ló kún inú rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú ẹyọ kan. Méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi jáde nínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n: ó ju méje lọ. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara wa ò ju bíi lítà 5 lọ! Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ara ń gba èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì ló ń di ìtọ̀.

Ti ọkàn ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Yàrá mẹ́rin ló ní. Mo ti ìka bọ ti ìsàlẹ̀ lápá òsì, ògiri rẹ̀ nípọn ju ti ọ̀tún lọ dáadáa. Ti ọ̀tún, inú fùkù tó wà nítòsí ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Ti òsì ló ń tì í dórí, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń ru, yàrá òsì yìí á máa fi tipátipá tì í, ògiri rẹ̀ á tún máa nípọn sí i, bí apá alápatà tó ń ṣá egungun lójoojúmọ́. Apá alápatà, agbára ni. Ti ọkàn, gígan ló ń gan, kì í rọ̀ dáadáa mọ́ láti gba ẹ̀jẹ̀ wọlé. Àwọn asẹ́ inú kíndìnrín náà á máa bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní dunni, orí ò sì ní fọ́ni. Ibẹ̀ ni mo ti rántí páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín tó wà lórí fìríìjì, tí ẹ máa ń lò kìkì ọjọ́ tí orí bá fọ́ yín.

Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká tó yọ ẹ̀dọ̀, ká kọ́kọ́ rọra gé òróòro kúrò, torí tó bá bẹ́ tán, kò sómi tó lè fọ ìkorò rẹ̀ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn yẹn, ojoojúmọ́ ni, bí dókítà ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kẹ́hìndé, jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí apá wọn wà lórí tábìlì. Nọ́ńbà méjì ló máa gbé wá, fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Má bá wọn purọ́ o.

Ẹ bá mi kí àwọn alápatà wa. Ẹ sọ fún wọn pé fùkù tí à ń dá owó lé lórí, ajá ni wọ́n ń rà á fún níbí.

Ọmọ yín,
Táíwò