Ẹ̀yin tó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yẹ irinṣẹ́ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín: àwọn tó ń dá ètò kọ̀ǹpútà kọ fúnra wọn láti fi kó òwe, oríkì ìdílé, orúkọ ewé tàbí ẹ̀ka-èdè ìlú wọn jọ. Kò sẹ́ni tó ń sanwó iṣẹ́ yìí fún wọn, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ lásìkò náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń yàn. Wọ́n á kó àwọn irinṣẹ́ ńlá bíi React, Node, MongoDB àti Docker pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ kò ju gíìgì 4 lọ, kí òwe kan ṣoṣo tó wọlé, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: ṣé irinṣẹ́ yìí mọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yóò máa gbé ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu, torí òun ló ṣòro jù láti pààrọ̀ tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká mú MySQL, ètò kan tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú tábìlì. Láti ẹ̀dà 8.0 rẹ̀, bí ẹ kò bá yí ohunkóhun padà, ìlànà tó ń jẹ́ utf8mb4_0900_ai_ci ló ń fi wé ọ̀rọ̀, ìyẹn kì í sì í ka àmì kankan sí. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi UNIQUE (òfin pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì) sí ibi tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀, oko á wọlé, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé, àṣìṣe 1062 ni ẹ óò rí, pé ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á yára yọ UNIQUE kúrò. Ìyẹn ló tún burú jù, nítorí bí ẹ bá ní kó tún ìtumọ̀ ọkọ́ ṣe, gbogbo márààrún ni yóò kọ ìtumọ̀ ọkọ́ lé lórí, kò sì ní sọ fún yín. utf8mb4_0900_as_cs, ìlànà tó ń ka àmì sí, ni kí ẹ kọ sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá tábìlì náà sílẹ̀.

Fún iṣẹ́ ẹnì kan, SQLite, ètò ìpamọ́ mìíràn, ni mo fara mọ́ jù. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò nílò sáfà, ó ti wà láti ọdún 2000, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti kéde pé àwọn fẹ́ máa bá a lọ títí di 2050 ó kéré tán. Ó wà nínú Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) fúnra rẹ̀, ẹ kò ní lo dátà láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe wà gan-an, ó mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé lower() (tó ń sọ lẹ́tà di kékeré) àti NOCASE (tó ń fi ọ̀rọ̀ wéra láìka lẹ́tà ńlá tàbí kékeré sí) inú rẹ̀ kò mọ̀ ju lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: Ẹ ńlá kì í di ẹ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, Python ni kí ẹ jẹ́ kó sọ lẹ́tà di kékeré. Ẹ má sì kan ṣe ẹ̀dà fáìlì náà nígbà tí ètò ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ẹ̀dà tó bàjẹ́ lè jáde, àṣẹ .backup ló wà fún un. Ẹnì kan ló lè kọ̀wé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá di pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń kọ ọ́ pọ̀, PostgreSQL, ètò ìpamọ́ mìíràn, ló kàn, òun sì ní yo-x-icu, ìlànà títò tó mọ bí a ṣe ń to ábídí wa.

Wàhálà tó ń pẹ́ jù kí wọ́n tó rí i kò hàn sí ojú rárá. Unicode ni ètò tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí a ń fi U+ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ọ̀nà. Kíbọọ̀dù kan lè fi ọ tó ti ní àmì abẹ́ rẹ̀ lára, U+1ECD, ṣáájú, kó wá fi àmì ohùn U+0300 tẹ̀lé e. Òmíràn á kọ o lásán, á fi àmì abẹ́ U+0323 tẹ̀lé e, kó tó wá kan àmì ohùn, à náà á sì di méjì. Nọ́ńbà 4 ni ọ̀nà àkọ́kọ́, 6 ni èkejì. Wọ́n jọra lójú wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ni lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà: ẹni tó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì. Oògùn rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ nínú Python, NFC inú rẹ̀ ló ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe: unicodedata.normalize("NFC", oro). Gbogbo ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ fi sí, àpótí ìwárí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Kódà lẹ́yìn NFC, Unicode kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ọ̀ tàbí ẹ́. Ètò tó bá gé lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ láti fi ṣe àkọlé yóò gé àmì ohùn dànù.

Ní ti ìwárí, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í tẹ àmì lórí fóònù. Ẹ fi òpó kejì sí tábìlì, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà síbẹ̀ láìsí àmì: ẹ fi NFD, òdìkejì NFC, tú lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ yọ U+0300, U+0301, U+0304 àti U+0323. Ẹni tó bá tẹ oko á rí gbogbo márààrún, kó wá mú tirẹ̀. Òpó àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sọ àmì kankan nù.

Títò náà ńkọ́? sorted(), àṣẹ títò inú Python, ń fi ẹyẹ sẹ́yìn yàrá, torí nọ́ńbà ẹ ju ti y lọ fíìfíì, kò sì mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb. Ẹ kọ lẹ́tà 25 wa sínú líìsì, kí ẹ máa fi tò ó.

Ojú ìwé kò le. Django, àkójọ irinṣẹ́ Python fún ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á fún yín ní ojú ìwé tí ẹ óò ti máa kọ ọ̀rọ̀ wọlé láìkọ ìlà JavaScript kan, SQLite ló sì ń lò bí ẹ kò bá sọ òmíràn. Fọ́ńtì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ààrin àwọn lẹ́tà Vietnam ni ẹ àti ọ wà nínú Unicode, nítorí náà fọ́ńtì tí kò bá ní ti Vietnam yóò yá ẹ àti ọ lọ́wọ́ fọ́ńtì mìíràn, ọ̀rọ̀ á wá rí jákujàku. Noto Sans àti Gentium kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fẹnu kò lórí irinṣẹ́ kankan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún òkè yẹn sínú rẹ̀, ẹ wá wọn, ẹ tò wọ́n, kí ẹ sì kó wọn jáde sí CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí Excel lè ṣí. Bí ẹ bá ṣí CSV náà nínú Excel tí ẹ bá áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà, dátà yín kò bàjẹ́. Excel ni kò mọ̀ pé UTF-8, ọ̀nà tí a ń gbà kọ nọ́ńbà Unicode sínú fáìlì, ni. Ẹ fi utf-8-sig inú Python kọ fáìlì náà, á ṣí dáadáa.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.