Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá onílé mójú tó ilé

Káyọ̀dé,

Bàbá rẹ sọ fún mi pé Alhájì kan ti fa ilé rẹ̀ tó wà ní Igbógbó, ní Ìkòròdú, lé ọ lọ́wọ́, fúláàtì mẹ́jọ. Inú mi dùn. O ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ayálégbé alágídí. Ayálégbé kọ́ ló máa fojú rẹ rí màbo o, onílé ni.

Onílé ló ń sanwó iṣẹ́ rẹ. Lọ́jọ́ tí inú bá bí i, òun náà ló máa ní kó o lọ ṣí páànù lórí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Mo bá irú ẹ̀ pàdé ní Ẹ̀bùté. Kí n tó débẹ̀, káfíńtà ti gbé àkàsọ̀ ti ògiri, àwọn ọmọdé ti pé jọ wọ́n ń wòran. Mi ò bá bàbá onílé jiyàn lójú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí káfíńtà lọ jẹun ná. Mo wá ní, “Bàbá, oṣù kẹfà la wà yìí. Bí òjò bá ba sílíǹ jẹ́, ta ló máa tún un ṣe?” Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó.

Ìgbà tá a jókòó ni mo tó mẹ́nu ba òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011: ẹni tó bá fi tipátipá lé ayálégbé jáde lè san ìtanràn tó tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bí àgírímẹ́ǹtì ò bá sọ nǹkan mìíràn, nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà láti kó jáde ni ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù kan ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ìwé ọjọ́ méje, tó ń sọ fún un pé onílé fẹ́ lọ gba ilé rẹ̀ ní kóòtù, ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kóòtù. Ayálégbé yẹn pín gbèsè rẹ̀ san lẹ́ẹ̀mejì. Kò tẹ́ bàbá lọ́rùn, àmọ́ páànù wọn wà lórí ilé.

Àwọn ayálégbé á wá rò pé tiwọn lo ń ṣe. Má gbà fún wọn náà. Owó tí wọ́n bá dá láti tún ẹ̀rọ omi ṣe, kọ ọ́ sára ògiri: ẹni tó san, ẹni tí kò san, iye tí púlọ́ńbà gbà. Tí ọjọ́ Orò bá sì ń bọ̀, kan ilẹ̀kùn wọn ní kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìkòròdú, kí wọ́n tètè ra oúnjẹ sílé.

Mo ti fi ẹ̀dà ìwé ọjọ́ méje ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ. Jẹ́ kí lọ́yà wò ó kó o tó fún ẹnikẹ́ni.

Àǹtí rẹ