Fífi ìdá pín nǹkan: ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wọn gàrí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí tó ń bá ọmọ wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé létí. Ọmọ délé, ó ní wọ́n ní kóun fi ¾ pín 3. Kíá lẹ ti dá a lóhùn: "Dojú èyí tó kẹ́yìn dé, kó o wá sọ wọ́n di púpọ̀." Ọmọ kọ 4, ó gba máàkì. Bí mo bá wá bi í ní kíláàsì pé kí ló dé tí èsì fi ju 3 tí a ń pín lọ, ojú mi ló máa ń wò.

Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Ní pírámárì karùn-ún tí mò ń kọ́, mo máa ń gbé gàrí kóńgò 3 wá, pẹ̀lú ike kékeré kan tí mẹ́rin rẹ̀ kún kóńgò kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ike wọn gbogbo gàrí náà: ike 4 nínú kóńgò kọ̀ọ̀kan, kóńgò sì jẹ́ 3, ó di ike 12. Mo wá ní kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, ike mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn ¾ kóńgò nínú ọ̀rá kan. Ọ̀rá 4 ló ń jáde. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì wọ́n ti rí i pé 4 la fi sọ ọ́ di púpọ̀, 3 la sì fi pín in. Ìgbà yẹn ni mo tó ń kọ òfin sójú pátákó.

Ti ìsọdipúpọ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ká bébà sí méjì, kí ẹ tún ká a sí mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u, ojú mẹ́fà lẹ ó kà: ìdá kan nínú mẹ́ta ìdajì ni ⅙.

Yorùbá ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn.

Alábòójútó kan ṣí ìwé àwọn ọmọ mi, ó ní iṣẹ́ inú rẹ̀ kéré. Ó dùn mí púpọ̀, torí kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ìbéèrè kankan. Mo bẹ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ táàmù, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún àkókò ìdá fún wa. Ẹ̀yin òbí, bí kò bá sí gàrí nílé, iyanrìn náà ṣe é wọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ pírámárì karùn-ún, Ìṣẹ́yìn